Okùn Tí Mo Fi Wọn Àwọn Sárésáré

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a kò rí òdìkejì títì. Àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ tan iná bí ẹni pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti yọ. Ó kàn funfun lókè bí àwo tánganran tí wọ́n fi eérú fọ̀ ni. Ètè gbogbo wa ti là. Òwú ń já ṣáá lójú abẹ́rẹ́ nítorí ọyẹ́ ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ìyá Délé, ọ̀gá mi, ń wọ́n omi sílẹ̀ káàkiri ṣọ́ọ̀bù kí eruku má baà bà lé àwọn kóòtù búlúù tí a gbé kọ́ sára ògiri. Kóòtù mẹ́jọ ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹni tó ni ín tíì wọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wà lára olówó wọn, lójú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí wọ́n bá bá wọn mu, mo di ọ̀gá ara mi lọ́jọ́ náà. Bí wọn kò bá bá wọn mu, mo padà sídìí maṣíìnì ọlọ́maṣíìnì títí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Inú mi ń dùn. Mo tún àwọn kóòtù náà kà bí ẹni tó ń ka adìyẹ ní ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. A kì í ti ọrùn wọ ṣòkòtò.

Ajíbọ́dé ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa máa ń wá jókòó tì mí bí iná bá lọ. Wọ́n á ní, "Màmá, iṣẹ́ wo ló dáa téèyàn lè ṣe?" Èmi ò mọ iṣẹ́ tó dáa. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀. Nígbà tí mo dàgbà tán ni mo tó lọ kọ́ ìwé kíkọ ní kíláàsì àwọn àgbà, torí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọwọ́ mi ti wọ́ nínú ìwé yìí, ẹ bá mi tún un ṣe.

Abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń dáko, ó sì ń kó iṣu lọ sọ́jà. Ọdún tí ìjọba ní ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn àbúrò mi wọ ilé-ìwé; èmi ti ga ju àga wọn lọ. Bàbá mi àti Ìyá Délé dá ọdún márùn-ún, wọ́n ṣàdúà, ó tán. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Opó ni Ìyá Délé, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ, ọkọ wọn ti ṣe tíṣà kó tó kú. Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá ń bínú, ńṣe ni ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀ sí i, tí a ó máa fẹ̀gbẹ́ etí sún mọ́ wọn kí a lè gbọ́ èébú wa dáadáa. Mùsùlùmí ni mí, wọ́n sì mọ̀. Bí ìrun Jímọ̀ bá tó, wọ́n á ní, "Sàlámọ̀, dìde. Ọlọ́run tó ń pè ọ́ kò ní bá mi rán bọ́tìnnì." Bí mo bá pẹ́ kí n tó dé, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ ni lèmọ́mù ni?"

Ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan maṣíìnì. Mò ń gbálẹ̀, mò ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, mò ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún mi ní àkísà pé kí n máa gbẹ́ ojú bọ́tìnnì sí i. Mo gbẹ́ títí àkísà náà fi dà bí asẹ́. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Nǹkan méjì ni Ìyá Délé kì í fi ṣeré. Ìkíní ni àyè inú ìránpọ̀. Àwọn aránṣọ yòókù lójú títì máa ń rán aṣọ mọ́ etí, kí díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún wọn. Tiwa, ìka mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ inú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Délé á yí aṣọ náà sódì, wọ́n á ki ìka bọ̀ ọ́. Bí ìka kẹta kò bá wọlé, wọ́n á gbé e padà lé mi lẹ́sẹ̀: "Tú u."

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ọ̀gá, aṣọ yìí ń ṣòfò o. Ta ló ń rí inú?"

Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Sàlámọ̀, aṣọ kì í dàgbà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń dàgbà. Tú u."

Ìkejì ni okùn ìwọ̀n. Tépù wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n èmi ò mọ nọ́ńbà orí rẹ̀, Ìyá Délé pàápàá ò sì gbà á gbọ́. Wọ́n ní tépù, ti gbogbo ayé ni. Okùn, ti ẹnì kan ṣoṣo ni. A ó mú okùn òwú gígùn kan, a ó fi yí àyà oníbàárà ká, a ó ta kókó. A ó yí ìbàdí, a ó ta kókó. Ẹ̀yìn, apá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí okùn má baà dàrú mọ́ra wọn, a máa ń so nǹkan kékeré kan mọ́ ìdí tẹni kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò rán wa létí ẹni tó ni ín. Ti bàbá ọlọ́dẹ kan, èkùrọ́ ni. Ti ìyàwó katikíìsì, bọ́tìnnì dúdú. Gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí irùngbọ̀n àgbà.

Àwọn kan ò fẹ́ kí okùn àwọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá kan ti wá láti Akínyẹlé, ó ní ọmọ òun ń lọ sí Èkó, kí a bá òun kó okùn rẹ̀, kí ìwọ̀n ara ọmọ òun má sùn nílé tí ọmọ òun ò sí. Ìyá Délé já a fún un, wọ́n sì bá a gbàdúrà sí i.

Iṣẹ́ wa tó tóbi jù wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà tí àwọn oníhìnrere dá sílẹ̀ nítòsí wa. Tuntun ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nígbà yẹn, igbó rẹ̀ pọ̀ ju ilé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn eré sísá bí ẹ̀mí wọn. Àwa là ń rán ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì àwọn eléré. Èmi ni Ìyá Délé máa ń rán lọ fi okùn wọ̀n wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó yẹ yín, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń yá. Bí wọ́n bá ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti dé ibẹ̀ kí Ìyá Délé tó parí ọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó sí etí pápá pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí n máa wo òkìtì tí wọ́n ń ta. Mo mọ̀ wọ́n láti àyà dé orúnkún kí n tó mọ orúkọ wọn.

Mẹ́ta nínú wọn ni ọ̀rọ̀ mi kàn. Bùrọ̀dá àti Àǹtí ni mò ń pè wọ́n lójú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wa ti darúgbó báyìí, orúkọ wọn ni n óò máa pè. Bísí ni obìnrin tó ń fò sókè. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo so mọ́ okùn tirẹ̀. Gbádébọ̀ sanra díẹ̀ ju okùn fúnra rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹ̀pà ni kì í wọ́n lápò rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà ni mo so mọ́ tirẹ̀. Láyíwọlá ni wọ́n ń pè ní Ẹtu, kò sanra, kò rù. Irun ẹtu díẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ ni mo so mọ́ tirẹ̀. Nígbà tó rí i, ó ní, "Sàlámọ̀, o ò ṣe so kìnnìún mọ́ ọn?"

Gbádébọ̀ ní, "Kìnnìún kì í sá fún èèyàn. Ìwọ ń sá fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣe. Ọ̀kan ò lè sáré bí èkejì ò bá sí níbẹ̀. Eré tí wọ́n sá kẹ́yìn kí wọ́n tó jáde ló ba nǹkan jẹ́. Àwa la máa ń fún wọn ní òwú tí wọ́n ń ta dí òpin eré. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá kọ́kọ́ já a ló borí. Lọ́jọ́ náà, èmi di etí òwú kan mú, tíṣà kan di èkejì. Àwọn méjèèjì dé bí ẹṣin. Òwú já. Ó lọ lẹ̀ mọ́ àyà Gbádébọ̀, àwọn adájọ́ sì gbé ipò kìíní fún un. Láyíwọlá ní òun ló kọ́kọ́ kàn án. Wọ́n bi mí, mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, bí ẹni pé wọ́n jọ kàn án ni. Ìyẹn ò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Láyíwọlá kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kejì láìkí Gbádébọ̀ pé ó dàbọ̀.

Ọdún márùn-ún tí bàbá mi dá pé. Bàbá mi gbé àkùkọ wá kí wọ́n wá gbà mí sílẹ̀. Ìyá Délé gba àkùkọ, wọ́n sì ní, "Sàlámọ̀ ò tíì mọ kóòtù." Òótọ́ ni, mi ò tíì mọ kóòtù. Mo kọ́ kóòtù. Ọdún kan, wọ́n ní apá mi ń wọ́. Mo tún apá ṣe. Ọdún mìíràn, wọ́n ní kọ́là. Àwọn tí a jọ wọṣẹ́ ti ń gba ọmọ iṣẹ́ tiwọn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ará ilé pé kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń kọ́ mọ́, pé wọ́n ti fẹ́ mi fún maṣíìnì.

Maṣíìnì ọ̀hún, ọlọ́wọ́ ni nígbà tí mo dé: ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ọwọ́ òsì ń tari aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́sẹ̀ dé, ọwọ́ méjèèjì sì wá ráyè fún aṣọ. Mo ti ra ti iná mànàmáná láyé mi, ó yára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá síná, ó di tábìlì. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni síìpù. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Ìyá Délé ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n ní, "Ohun tó bá ń géni jẹ bí eyín ajá, kì í ṣe ara ọmọ ẹni la á gbé e sí." Ọdún kejì, a ti ń fi sára gbogbo gáùn. Nǹkan tuntun ò ní pa yín. Ẹ kàn máa jẹ́ kó kọ́kọ́ ti ara àkísà bẹ̀rẹ̀.

Ó wá di ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira. Tíṣà Akínwálé, tó ń darí eré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní Pirinsípà fẹ́ yẹ́ àwọn eléré àtijọ́ sí. Wọ́n á pè wọ́n padà wá sórí pápá, wọ́n á sọ iṣẹ́ tí oníkálùkù ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì gbé kóòtù búlúù wọ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ayé lè rí i.

"Kí wọ́n má sì gbọ́ nípa kóòtù o," ni Tíṣà Akínwálé wí. "Ìpàdé lásán la pè é fún wọn. Ojú wọn là ń fẹ́ wò nígbà tí wọ́n bá rí i."

Ìyá Délé ní, "Báwo la ó ṣe wá wọ̀n wọ́n?"

"Mà, ṣebí okùn wọn wà lọ́wọ́ yín."

Ìyá Délé wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo rí i tí inú wọn dùn, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú okùn, àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó wà. Kò sí èyí tó sọnù."

Nígbà tí tíṣà náà lọ, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé wọn ò ní ti yí padà?"

"Sárésáré? Ṣé o ti rí ẹtu tó yọ ikùn rí?"

Mo rò ó. Mi ò rí i rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò tíì dàgbà tó láti ní arúgbó eléré. Kò sí ẹni tó tíì rí sárésáré tó dẹ́kun eré ní gbogbo agbègbè wa. Tíṣà Akínwálé náà, tó ní ìwé, kò rò ó. A jọ ṣe àṣìṣe yẹn ni, tọkàntọkàn.

Ìyá Délé wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọdún pípẹ́. "Ìwọ ni kí o gé wọn, ìwọ ni kí o rán wọn. Mi ò ní fọwọ́ kan án. Bí àwọn mẹ́jọ yẹn bá wọ kóòtù rẹ lórí pápá, máa lọ sílé, mo ti gbà ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì di tìrẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dojú tì mí, àwọn aránṣọ inú Ìbàdàn ni wọ́n á gbé iṣẹ́ wọn fún, ìwọ àti èmi á sì jọ jókòó síbí máa wo ara wa."

Mo rán wọn bí ẹni tó ń rán aṣọ ìyàwó tirẹ̀. Ìka mẹ́ta wọ inú gbogbo ìránpọ̀. Bí mo ṣe ń ṣí okùn kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹni náà dúró tì mí: ìyẹ́ adìyẹ, èèpo ẹ̀pà, irun ẹtu.

A ti dé òwúrọ̀ ọyẹ́ wàyí. A ru kóòtù dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n fún wa ní kíláàsì kan kí a ti máa wọ̀ wọ́n fún àwọn àlejò. Nínú kùrukùru ọ̀hún, a kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín wọn kí a tó rí wọn. Bísí ló ṣáájú. Ó ti di ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ̀nà Lálúpọn, oyún rẹ̀ sì ti yọ síta dáadáa.

Ó dì mọ́ mi. "Sàlámọ̀, ṣé o ṣì wà níbí?"

"Àǹtí mi, mo ṣì wà o." Ojú mi kò kúrò níwájú rẹ̀.

Ó rí ibi tí mò ń wò, ó ní, "Mo ṣì lè fò o. Kí wọ́n kàn gbé igi yẹn walẹ̀ díẹ̀."

Ẹnì kejì wọlé, ọrùn rẹ̀ ti nípọn. Ẹnì kẹta, èjìká. Mo gbé kóòtù ẹni kẹrin wọ̀ ọ́, bọ́tìnnì àti ojú rẹ̀ kò rí ara wọn rárá. Mo wo Ìyá Délé, wọ́n ti yí kóòtù Bísí sódì, wọ́n sì ki ìka bọ inú ìránpọ̀. Ọ̀kan wọlé, èkejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé.

Wọ́n ní, "Mú abẹ́rẹ́. Tú u."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo ti kórìíra láti kékeré wá dùn létí mi bí orin. A tú, a rán, a tú, a rán. Àwọn àlejò dúró láìwọ kóòtù, wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹlẹ́yà. Áyọ́ọ̀nù ò dúró. Aṣọ tí a fi pamọ́ sínú jáde wá síta bí owó tí ìyá fi sórí àjà. Mẹ́fà bá olówó wọn mu. Mo ti ń mí.

Lójijì ni ẹnu ọ̀nà ṣú.

Ìyá Délé gbójú sókè. "Gbádébọ̀, ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ àti ta?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Gbádébọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣe tíṣà fún ìgbà díẹ̀, ẹfun ojú pátákó ń mú un wúkọ́, ó bá lọ kọ́ búrẹ́dì. Ó ti ní ààrò tirẹ̀ ní Mọ́níyà, wọ́n sì ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ dé Ọ̀yọ́. Èmi gan-an ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń rù ú kiri, mi ò mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Mo gbé kóòtù wọ̀ ọ́. Apá rẹ̀ wọlé, ó há síbẹ̀, ó wá dúró gbagidi bí ọmọdé tí wọ́n fi ẹ̀wù dè lápá. Mo tú gbogbo àyè tó wà nínú ẹ̀. Iwájú ṣì ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ọjà.

Kò sí aṣọ búlúù mọ́. Èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rà, a ti gé e tán pátápátá.

Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ kan ti dún gbìnrín gbìnrín níta. Láyíwọlá wọlé. Wòlé-wòlé ni nísinsìnyí, apá Akánràn ló ń yẹ̀ wò, láti ilé dé ilé, láti kòtò omi dé ṣáláńgá, lórí kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé. Oòrùn ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Mo fi kóòtù tirẹ̀ kọ́ ọ léjìká, ńṣe ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí asíá.

Òun àti Gbádébọ̀ wo ara wọn. Láti ọjọ́ òwú yẹn ni wọn kò tíì fojú kanra.

Láyíwọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Gbádébọ̀, ṣé ò ń ta búrẹ́dì náà ni, àbí o kàn ń yan án kí o máa jẹ ẹ́?"

Gbádébọ̀ ní, "Ìwọ wòlé-wòlé, ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ayé lo yẹ̀ wò. Èwo nínú wọn ni tìrẹ?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò rẹ́rìn-ín. Gbádébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ apá rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ má dààmú. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni n óò gbà lọ. Mo ní búrẹ́dì nínú ààrò." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ẹni tó jẹ́ pé gbogbo pápá ló ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà kan, kò fẹ́ kí àwọn ọmọ tuntun rí òun nínú kóòtù tó ṣí ìdodo sílẹ̀.

Mo wo kóòtù Láyíwọlá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo wo ẹ̀yìn Gbádébọ̀. Ọ̀rọ̀ náà hàn sí mi gbangba, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Aṣọ iyì ni. A kì í gé aṣọ iyì ẹnì kan fún ọ̀tá rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Láyíwọlá. "Bùrọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ kóòtù yín méjèèjì, mo fẹ́ gé e wọlé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí n fi sí ẹ̀yìn tiwọn."

Láyíwọlá di kóòtù náà mú.

"Tèmi? Sí ẹ̀yìn ta ni?"

"Ẹ̀yìn Bùrọ̀dá Gbádébọ̀."

Láyíwọlá ní, "Sàlámọ̀, o gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi pẹ̀lú òwú. Ṣé o tún fẹ́ fi àlùmágàjí gba ìyókù?"

"Mi ò gba nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi."

Gbádébọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kó wọ kóòtù rẹ̀ bó ṣe wà. Ó kúkú ti pẹ́ tó ti ń wá ọjọ́ tí òun nìkan á dúró síbẹ̀."

Láyíwọlá fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ kóòtù náà síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbádébọ̀, padà wá síbí. Ẹni tó bá dá sáré ló máa ń gbapò kìíní, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá lọ, kí ni n óò sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn? Pé ta ni mo bá sá eré?" Ó bọ́ kóòtù, ó jù ú sí mi lọ́wọ́. "Gé e. Má gé ju bó ṣe yẹ lọ o, ìyàwó mi ṣì ń se oúnjẹ."

Ìyá Délé kò fọwọ́ kan án, bí wọ́n ti wí. Àlùmágàjí tiwọn ni wọ́n kàn tì sí mi lọ́wọ́, torí òun mú ju tèmi lọ. Mo gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo la ẹ̀yìn kóòtù Gbádébọ̀ láti ọrùn dé ìdí, mo rán aṣọ Láyíwọlá sí àárín. A ti ń gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọrin lórí pápá. Òwú já lẹ́ẹ̀kan, mo fi itọ́ tọ́ ọ, mo tún ki í bọ ojú abẹ́rẹ́. Áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀ kan, Gbádébọ̀ nawọ́ sẹ́yìn, ó wọ̀ ọ́. Mo di bọ́tìnnì fún un fúnra mi. Ó dì.

Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde sínú ọyẹ́ pẹ̀lú kóòtù búlúù. Ariwo tó sọ lórí pápá yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Pirinsípà ń pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan: ọ̀gá ilé-ìwé, wòlé-wòlé, oníbúrẹ́dì, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ iṣẹ́ ẹnì kan, wọ́n á fi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ látijọ́ tẹ̀lé e, àwọn ọmọ á sì fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Pirinsípà wá ní kí wọ́n rọra fẹsẹ̀ rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo èèyàn lè rí wọn.

Ìrìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ yára nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dé igun kejì, Láyíwọlá ti ń sáré, Gbádébọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mí bí ẹwìrì. Àwọn ọmọ sáré lọ ta òwú dí òpin. Mo di orí rẹ̀ kan mú. Ojú mi ò sí lára ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn kóòtù yẹn nìkan ni mò ń wò.

Láyíwọlá dé iwájú òwú tán, ó dúró. Ó yíjú padà, ó ṣe apá méjèèjì sí ìbàdí. "Oníbúrẹ́dì, máa bọ̀. Mò ń dúró dè ọ́." Gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín. Gbádébọ̀ ń bọ̀, kò lè dúró mọ́ bó tilẹ̀ fẹ́ dúró. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Láyíwọlá, ikùn rẹ̀ sì já òwú.

Ó ní, "Mo tún borí."

Láyíwọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú kóòtù tuntun, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbádébọ̀ fà á dìde.

Nígbà tí ayẹyẹ tán, Ìyá Délé pe Gbádébọ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n fi ìka tọ ojú ìránpọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn wọn rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti tẹ̀ sí wọn. "Ó wọ́ díẹ̀ níbi èjìká." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo na àlùmágàjí wọn sí wọn. Wọn kò gbà á. Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Máa mú un lọ sílé. Kí bàbá rẹ má sì gbé àkùkọ wá mọ́, ti ọjọ́sí ṣì ń kọ láàárọ̀, kò jẹ́ kí n sùn."

Ní ọjọ́ kejì, mo tètè jí, mo kírun, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ kó ẹrù mi. Mo já àwọn okùn àtijọ́ àwọn sárésáré kúrò lórí ìṣó, mo tú gbogbo kókó wọn, mo ká a sí ọwọ́ bí òwú tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo gba ọ̀nà ààrò búrẹ́dì lọ, torí mo fẹ́ wọn Gbádébọ̀ bó ṣe rí gan-an.

Kẹ̀kẹ́ kan fara ti ògiri níta. Láyíwọlá jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun nínú ilé, ẹnu rẹ̀ kún.

Gbádébọ̀ ní, "Wòlé-wòlé ni. Ó ní òun wá wo ìmọ́tótó mi. Búrẹ́dì kejì tó ń wò nìyẹn."

Mo ní kí Gbádébọ̀ gbé apá sókè. Mo fi okùn yí i láyà, mo fà á, orí okùn méjèèjì ò pàdé.

Láyíwọlá gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Sàlámọ̀, okùn ò tó o."

Mo mú òmíràn, mo so ó mọ́ ọn.